Bí a ṣe ń dán òfin eré ìtàn orí tábìlì wò títí yóò fi yé ẹni tí kò mọ̀ wá rí

Ohun kan náà ni ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹnì kan á jókòó, á kọ òfin eré ìtàn tí ọkọ̀ òfurufú àti oògùn jọ wà nínú rẹ̀, á pe ọ̀rẹ́ mẹ́rin jọ sí pálọ̀ kan ní Bódìjà, wọ́n á ṣe eré náà di alẹ́, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì ní ó dùn. Nígbà tí ó bá wá fi ìwé òfin kan náà ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn ní Abẹ́òkúta, wọn kò ní lè kọjá ojú ìwé kejì. Ìwé náà kò yí padà lójú ọ̀nà. Ẹni tí ó kọ ọ́ ni kò bá a dé ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ ẹnu rẹ̀ ni ó ti ń dí gbogbo ihò inú ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ìtọ́sọ́nà yìí wà fún nìyẹn: bí ẹ ó ṣe dán òfin wò, tí ẹ ó sì tún un kọ, títí ìwé náà yóò fi lè dá dúró láìsí yín. Mo gbà pé ẹ ti ní àkọsílẹ̀ òfin lọ́wọ́, pé ẹ sì mọ bí eré ìtàn ṣe ń lọ: ènìyàn mẹ́ta sí márùn-ún jókòó yí tábìlì ká, eléré kọ̀ọ̀kan di ẹ̀dá ìtàn kan, adarí eré ń sọ ohun tí ojú wọn rí, dáìsì sì ń pinnu ohun tí kò dájú. Àpẹẹrẹ mi yóò wá láti inú eré tí èmi fúnra mi ń kọ, tí Ìbàdàn inú rẹ̀ jẹ́ ti ọjọ́ iwájú. Orí òrùlé Ilé Cocoa ní Dùgbẹ̀, lókè àjà 26 rẹ̀, ni ọkọ̀ òfurufú ń gúnlẹ̀ sí nínú eré náà, àwọn adáhunṣe sì ń ta oògùn fún awakọ̀ ní ìsàlẹ̀.

Ohun tí ẹ ó nílò

Ẹ kó nǹkan wọ̀nyí jọ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni:

- Ìwé òfin tí a tẹ̀ sórí bébà, ẹ̀dà kan fún eléré kọ̀ọ̀kan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kà á lórí fóònù, nítorí ẹ fẹ́ rí ibi tí ìka wọn ń tọ́ka sí. Ẹ sọ ọ́ di PDF kí ẹ tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tí ń ṣe fọ́tòkọ́pì, torí pé àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà máa ń dàrú bí kọ̀ǹpútà tiwọn kò bá ní irú lẹ́tà tí ẹ lò.
- Dáìsì olójú mẹ́fà, méjì fún eléré kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó wà nínú páálí lúdò tó.
- Ìwé àjákọ méjì: ọ̀kan fún ìbéèrè tí àwọn eléré bá bi yín, ọ̀kan fún àtúnṣe tí ẹ bá ṣe àti ọjọ́ tí ẹ ṣe é.
- Fóònù tí ẹ ó fi gba ohùn sílẹ̀, bí gbogbo eléré bá ti gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sí àárín tábìlì, nítorí ariwo jẹnẹrétọ̀ àti òjò lórí páànù máa ń bo ohùn ẹni tí ó jókòó jìnnà sí i.
- Iná tí kò gbára lé NEPA.
- Ènìyàn bíi méjìlá, tí ẹ kò ní pè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tí ó gbẹ̀yìn yẹn ni ó wọ́n jù. Dáìsì àti bébà, owó ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan kò lè jẹ́ àlejò sí ìwé kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ àlàyé òfin yín lẹ́ẹ̀kan yóò máa fi ohun tí ó ti mọ̀ ka ìwé náà, kò sì ní kọsẹ̀ níbi tí ẹni tuntun máa ń kọsẹ̀. Nítorí náà, ẹ ya ọ̀rẹ́ mẹ́rin sọ́tọ̀ fún ìpele kẹrin, kí ẹ sì pa mẹ́jọ tó kù mọ́ fún ìpele karùn-ún àti ìkẹjọ. Ẹ má sọ ohunkóhun fún àwọn mẹ́jọ náà nípa eré yìí títí ọjọ́ wọn yóò fi pé, bí ó ti wù kí ó máa yún yín lẹ́nu tó.

Ìpele kìíní: ẹ fi nọ́ńbà sí òfin, kí ẹ yan ìbéèrè kan

Ẹ pín ìwé náà sí òfin kéékèèké, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, kí ó sì sọ nǹkan kan ṣoṣo. Nígbà tí eléré bá ṣi òfin lò, ẹ ó lè kọ “14” sínú ìwé àjákọ láìjẹ́ pé ẹ ń wá gbólóhùn kiri nígbà tí eré ń lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ìbéèrè tí ìdánwò ọjọ́ náà yóò dáhùn. “Ṣé eré mi dára?” kì í ṣe ìbéèrè tí tábìlì lè dáhùn. “Ṣé ogun láàárín ọkọ̀ òfurufú méjì lè parí láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú?” ṣe é dáhùn, nítorí aago yóò sọ ọ́ fún yín.

Ìkìlọ̀: bí ẹ bá fẹ́ dán ogun, òwò àti ìrìn-àjò wò lọ́jọ́ kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tí ó fa wàhálà nígbà tí wàhálà bá dé.

Àyẹ̀wò: ẹ ka ìbéèrè yín fún ẹnì kan nínú ilé. Bí ó bá lè sọ irú ohun tí ẹ máa rí bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ lè tẹ̀síwájú.

Ìpele kejì: ẹ ṣírò dáìsì lórí bébà

Ọ̀pọ̀ àléébù ni a lè rí láìpe ẹnikẹ́ni. Dáìsì olójú mẹ́fà méjì ní ọ̀nà 36 tí wọ́n lè gbà balẹ̀. Ọ̀nà 6 nínú wọn ni àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 7. Ọ̀nà 1 péré ni ó jẹ́ 12. Bí òfin bá ní kí eléré rí 8 tàbí iye tí ó ju 8 lọ, ọ̀nà 15 nínú 36 ni yóò fi ṣàṣeyọrí, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi 42 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ohun ìjà rẹ̀ bá fi 1 kún àpapọ̀, ó di 21 nínú 36. Bí ó bá fi 2 kún un, ó di 26. Bí ó bá jẹ́ 3, 30. Bí ó bá jẹ́ 4, 33.

Ẹ wo ìṣírò yìí dáadáa bí eré yín bá ní ẹ̀rọ àti oògùn pọ̀. Nínú àkọsílẹ̀ mi àkọ́kọ́, awò ojú ẹ̀rọ ń fi 2 kún ìkọlù, oǹdè apá, ìyẹn oògùn tí a ń so mọ́ apá, náà sì ń fi 2 kún un. Ní ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sí ohun tó burú nínú wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lo méjèèjì ní 33 nínú 36, ìyẹn nǹkan bíi 92 nínú ọgọ́rùn-ún, dáìsì kò sì ní iṣẹ́ kankan mọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fi òfin kan dí i: àfikún tó tóbi jù nìkan ni a ń kà.

Ẹ ṣírò àkókò pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ òfurufú bá ní ẹ̀mí 6 (ẹ̀mí ni iye tí ìkọlù ń dín kù títí ọkọ̀ yóò fi fọ́), tí ìkọlù kan sì ń gba ẹ̀mí 2, ìkọlù 3 tí ó bá a ni yóò fọ́ ọ. Pẹ̀lú 15 nínú 36, ẹ ó da dáìsì tó ìgbà 7 kí ìkọlù 3 tó bá a, bí a bá wo ọ̀pọ̀ ogun pọ̀. Eléré mẹ́rin yóò ṣe ìyẹn ní ìyípo méjì (ìyípo kan parí nígbà tí ó bá ti kan eléré kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan). Bí ẹ bá sún ohun tí wọ́n ń wá láti 8 sí 9, ọ̀nà tó kù jẹ́ 10 nínú 36, ó sì di nǹkan bí ìgbà 11, ìyẹn ìyípo mẹ́ta. Nọ́ńbà kan péré ni ẹ yí padà, ẹ sì ti fi ìyípo odindi kan kún ogun náà.

Àyẹ̀wò: ẹ bá ara yín jà lórí tábìlì, kí ẹ máa ṣe eléré méjèèjì. Bí ogun náà bá gùn ju ìlọ́po méjì ohun tí ẹ ṣírò lọ nígbà mẹ́ta léraléra, ẹ padà sí ìṣírò kí ẹ tó pe ènìyàn.

Ìpele kẹta: ẹ wo ibi tí ẹ̀rọ àti oògùn ti pàdé

Eré tí ó jẹ́ ogun àtijọ́ nìkan, tàbí tí ó jẹ́ ti ọkọ̀ òfurufú nìkan, kò ní wàhálà yìí. Tiwa ní in, nítorí pé ètò agbára méjì ni ó wà nínú ìwé kan, ẹni tí ó ń kọ ọ́ sì sábà máa ń kọ orí ti ẹ̀rọ ní oṣù kan, kí ó kọ orí ti oògùn ní oṣù mìíràn.

Ẹ ya àpótí mẹ́sàn-án sórí bébà. Ẹ kọ ẹ̀rọ, oògùn àti agbára ara sí ẹ̀gbẹ́ kan gẹ́gẹ́ bí ohun ìkọlù. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí òkè gẹ́gẹ́ bí ààbò. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ nọ́ńbà òfin tí ó dáhùn ìbéèrè ibẹ̀. Ṣé ààbò oníná tí ẹ̀rọ ṣe lè dá oògùn dúró? Ṣé ìbọn ìtànṣán ń ran ẹni tí ó ti sín gbẹ́rẹ́? Nígbà tí mo ṣe tèmi, àpótí mẹ́rin ni kò ní nọ́ńbà kankan.

Ẹ tún fi róbọ́ọ̀tì kún un bí ẹ bá ní in. Eléré kan bi mí bóyá ọfọ̀ ń mú róbọ́ọ̀tì, ó sì ṣàlàyé pé ọfọ̀ ní láti pe orúkọ ohun tí a ń bá wí kí ó tó jẹ́, bẹ́ẹ̀ a kò sọ róbọ́ọ̀tì lórúkọ. Ìbéèrè rere ni, nítorí inú àṣà ni ó ti fà á yọ, kò sì sí ìlà kan nínú ìwé mi tí ó fọwọ́ kàn án. Láti ọjọ́ náà ni òfin 22 ti wà: ọfọ̀ ń mú róbọ́ọ̀tì tí ẹnì kan ti sọ lórúkọ nínú eré, kò sì mú èyí tí kò lórúkọ. Nínú gbogbo òfin inú ìwé náà, òun ni mo fẹ́ràn jù.

Àyẹ̀wò: kò sí àpótí tó ṣófo, kò sì sí èyí tí òfin méjì dáhùn lọ́nà méjì. Bí méjì bá takora, ẹ kọ èyí tí ó borí. Ohun tí mo máa ń lò ni pé òfin tí ó dárúkọ nǹkan kan pàtó borí òfin gbogboogbò.

Ìpele kẹrin: ẹ darí eré náà fúnra yín

Ẹ pe ọ̀rẹ́ mẹ́rin. Wákàtí méjì tó. Lẹ́yìn ìyẹn, ó ti ń rẹ àwọn ènìyàn, àárẹ̀ ni ẹ ó sì máa dán wò.

Ìlànà kan ni ó ṣe pàtàkì níhìn-ín. Bí eléré bá béèrè ohun kan, ẹ kọ́kọ́ wá a nínú ìwé lójú rẹ̀. Bí ìwé bá dáhùn, ẹ kọ iye àsìkò tí ẹ fi wá a. Bí ìwé kò bá dáhùn, ẹ kọ ìbéèrè náà gẹ́gẹ́ bí ó ṣe sọ ọ́ jáde, ẹ ṣe ìpinnu, kí ẹ kọ ìpinnu náà, kí eré sì máa lọ.

Ìkìlọ̀: ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣàṣìṣe. Ẹ ó dáhùn láti inú orí, ìdáhùn náà yóò sì dára, gbogbo tábìlì yóò gbà á, ẹ kò sì ní rántí mọ́ pé kò sí nínú ìwé. Ìdáhùn tó dára tí a kò kọ sílẹ̀ léwu ju èyí tí kò dára lọ, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò ṣàròyé nípa rẹ̀.

Àyẹ̀wò: bí ẹ bá parí tí ìbéèrè inú ìwé àjákọ kò tó mẹ́wàá, ẹ gbọ́ ohùn tí ẹ gbà sílẹ̀. Èmi kì í rí i kí ó dín sí ogún nígbà àkọ́kọ́.

Ìpele karùn-ún: ẹ gbé ìwé fún wọn, kí ẹ dákẹ́

Ẹ mú mẹ́rin nínú àwọn tí ẹ pa mọ́. Kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ adarí eré. Ẹ fún un ní ìwé ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Lọ́jọ́ náà, ẹ kí wọn, ẹ gbé omi àti ìpanu kalẹ̀, kí ẹ sì sọ pé ìwé ni a ń dán wò, kì í ṣe àwọn, pé ẹ kò ní dáhùn ìbéèrè kankan, pé kò sì túmọ̀ sí pé inú ń bí yín. Ẹ jókòó sí ibi tí wọn kò ti ní máa wo ojú yín, nítorí ìmì orí kékeré kan ti tó láti sọ fún wọn pé wọ́n ti rí i tàbí wọ́n ti ṣì í.

Ní ọjọ́ kan, mo jókòó sí ẹ̀bá fèrèsé ní ilé kan lẹ́yìn Àgbowó. Mo ti fi ìkánjú tẹ àtúnṣe òfin kan lórí fóònù láìfi àmì kankan sí i: “Bi oko ba fo, eni to wa ninu re padanu emi 1.” Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó di awakọ̀ kà á sókè pé “bí ọkọ̀ bá fò”, ó sì mú pẹ́ńsù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan kúrò lára gbogbo ẹni tó wọ ọkọ̀, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra kúrò lórí Ilé Cocoa ni. Arábìnrin tí ó jókòó sí ọ̀tún rẹ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní “bí ọkọ̀ bá fọ́” ni. Ẹnì kẹta, tí ẹ̀dá ìtàn tirẹ̀ jẹ́ ọdẹ, ń wo ọ̀kọ̀ tí ó yà sórí bébà rẹ̀, ó ń béèrè ta ni ó lè wà nínú ọ̀kọ̀. Wọ́n jiyàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko. Gbogbo ara mi ni ó ń sọ pé kí n là á fún wọn, torí ọ̀rọ̀ kan péré ni yóò parí rẹ̀. Mo di ẹnu mi mú, mo sì kọ ohun tí ẹnì kọ̀ọ̀kan wí. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn wúlò fún mi ju gbogbo alẹ́ tí àwọn ọ̀rẹ́ mi fi yìn mí lọ.

Bí àríyànjiyàn bá pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ lè sọ pé: “Ẹ yan èyí tó bá yín lára mu, kí ẹ máa lọ.” Ẹ má sọ èyí tó tọ̀nà. Ẹ kọ èyí tí wọ́n yàn, nítorí nígbà mìíràn ohun tí wọ́n yàn dára ju èyí tí ẹ ní lọ́kàn lọ.

Ìkìlọ̀: ẹ ṣọ́ ẹni tí kò béèrè nǹkan kan. Ó lè jẹ́ pé ó yé e, ó sì lè jẹ́ pé ó ti ń fi òfin lúdò tàbí ti eré mìíràn ṣe é láìmọ̀. Ìka tí ó dúró lójú kan lórí bébà fún ìgbà pípẹ́ yẹ kí ẹ kọ sílẹ̀ bí ìbéèrè.

Àyẹ̀wò: ìdánwò náà dára bí ẹ kò bá sọ ọ̀rọ̀ kankan nípa òfin láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ẹ bá sọ ẹyọ kan, ẹ kọ àkókò tí ẹ sọ ọ́, kí ẹ má sì ka ohun tí ó tẹ̀lé e mọ́ ẹ̀rí.

Ìpele kẹfà: ẹ bi wọ́n léèrè lọ́nà tí wọ́n ó fi sọ òótọ́

Bí ẹ bá béèrè pé “ṣé ó dùn?”, wọn ó ní ó dùn. A kọ́ wa láti ilé pé a kì í sọ fún ẹni tó gbà wá lálejò pé ohun tó gbé kalẹ̀ kò dára, pàápàá bí ó bá jù wá lọ. Àwọn ọmọ yunifásítì tí mo máa ń pè yóò sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ó dáa gan-an, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ,” wọ́n á sì gbé báàgì wọn. Mi ò bínú sí wọn. Ìwà ọmọlúàbí ni wọ́n hù.

Ohun tí ó ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ béèrè ohun tí wọ́n ṣe, kí ẹ má béèrè ohun tí wọ́n rò. “Nígbà tí ọkọ̀ kejì dé, kí ni o kọ́kọ́ wá nínú ìwé?” “Sọ fún mi bí èèyàn ṣe ń lo oǹdè, bí ẹni pé mi ò mọ̀ ọ́n.” Ìbéèrè kejì yẹn ni ó níye lórí jù, nítorí pé bí ó bá ṣàlàyé rẹ̀ lódì, ẹ ti rí àléébù láìjẹ́ pé ó bú yín. Ẹ tún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní bébà kékeré tí kò ní orúkọ, kí ó kọ nọ́ńbà òfin kan tí ì bá yọ kúrò bí ìwé náà bá jẹ́ tirẹ̀. Ohun tí ẹnu kò lè sọ fún ẹ̀gbọ́n, bíírò máa ń kọ ọ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ní láti rí ó kéré tán nọ́ńbà òfin kan láti ọ̀dọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan.

Ìpele keje: ẹ tún òfin náà kọ

Kí ẹ tó fọwọ́ kan gbólóhùn kankan, ẹ wo àléébù kọ̀ọ̀kan bóyá ọ̀rọ̀ ni ó ṣì wọ́n lọ́nà tàbí òfin fúnra rẹ̀ ni kò dára. Bí wọ́n bá ṣe òfin náà bí ẹ ṣe fẹ́, síbẹ̀ tí eré fà, ẹ padà sí ìpele kejì. Bí wọn kò bá ṣe é bí ẹ ṣe fẹ́, gbólóhùn ni kí ẹ tún ṣe. Ẹni tí ó bá yí nọ́ńbà padà nítorí gbólóhùn tí kò yé ènìyàn yóò ní àléébù méjì dípò ọ̀kan.

Àpẹẹrẹ kan nìyí láti inú ìwé mi: “Bí eléré bá ju 8, ó lè gba ẹ̀mí 2 lọ́wọ́ rẹ̀.” Gbogbo àmì ló pé lórí rẹ̀, síbẹ̀ ìṣòro mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀.

Èkíní ni “ju”. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń sọ pé eléré ju dáìsì, mo sì tún máa ń sọ pé iye kan ju òmíràn lọ. Ẹnì kan ka gbólóhùn yìí sí pé dáìsì fi 8 hàn, ẹlòmíràn kà á sí pé ó gbọ́dọ̀ kọjá 8, ẹnì kẹta sì rò pé láti 8 lọ sókè ni. Ọ̀nà 5, ọ̀nà 10 àti ọ̀nà 15 nínú 36 ni wọ́n jẹ́ ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé. Láti ìgbà náà, “da” ni mo ń lò fún dáìsì nìkan, “ju” kò sì sí nínú ìwé náà àyàfi níbi tí a ti ń fi iye méjì wéra. Mo sì máa ń kọ “8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ” ní kíkún, bó ti wù kí ó gùn tó.

Èkejì ni “lè”. Ṣé ó ní ẹ̀tọ́ láti yàn, tàbí ó ní agbára láti ṣe é, tàbí bóyá yóò ṣẹlẹ̀, bóyá kò ní ṣẹlẹ̀? Ẹ jẹ́ kí “lè” túmọ̀ sí pé eléré ní ẹ̀tọ́ láti yàn, kí “gbọ́dọ̀” túmọ̀ sí pé kò ní ẹ̀tọ́ láti yàn, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ méjèèjì sí ojú ìwé àkọ́kọ́.

Ẹ̀kẹta ni “rẹ̀”. Ta ni? Ọ̀rọ̀ arọ́pò orúkọ wa kò fi ọkùnrin hàn yàtọ̀ sí obìnrin tàbí ọkọ̀. Bí àmì bá sì já sọnù, “ó” di “o”, òfin tí ó kan ọ̀tá wá di òfin tí ó kan ẹni tó ń kà á. “Wọ́n” tún le jù. Mo kọ pé, “Bí Ìyálóde bá wọ inú ọkọ̀, wọ́n gba ẹ̀mí 1.” Àwọn kan fún gbogbo èrò ọkọ̀ ní ẹ̀mí kọ̀ọ̀kan, àwọn kan fún Ìyálóde nìkan, torí wọ́n ka “wọ́n” sí ti ọ̀wọ̀. Kò sí ẹni tó ṣì í lò nínú wọn. Nínú ìwé òfin, ẹ tún orúkọ pè. Ẹwà gbólóhùn yóò dín kù díẹ̀, àríyànjiyàn yóò sì dín kù púpọ̀.

Gbólóhùn náà nìyí lẹ́yìn àtúnṣe:

“14. Nígbà tí ó bá kan eléré, eléré náà lè fi ọ̀kọ̀ iná kọlu ọkọ̀ òfurufú kan. Bí eléré bá yàn láti kọlu ọkọ̀ náà, eléré gbọ́dọ̀ da dáìsì 2. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọkọ̀ òfurufú náà pàdánù ẹ̀mí 2. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ 7 tàbí kò tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ òfurufú náà kò pàdánù nǹkan kan.”

Ẹ wo bí ó ṣe tò: ìgbà, ẹni, ohun tí ó ṣe, dáìsì, àbájáde rere, àbájáde búburú. Mo ń to gbogbo òfin báyìí, mo sì ń kọ “ọkọ̀ òfurufú” lódindi nígbà gbogbo kí ó má baà pàdé “ọ̀kọ̀” mọ́. Kíbọ́ọ̀dù Yorùbá inú Gboard yóò fún yín ní àmì tí ẹ nílò lórí fóònù.

Ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń ka ìyípo tún wà. “Oògùn náà ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta”, ṣé òní wà nínú rẹ̀? Àwọn bàbá wa máa ń ka ọjọ́ tí wọ́n wà mọ́ ọn. Ìdí nìyẹn tí ọjà tí à ń pè ní ọlọ́rọọrún fi jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́rin ni ó wà láàárín ìpàdé kan àti èkejì bí a kò bá ka òní. Àwọn eléré tó dàgbà ní abúlé kà á báyẹn, àwọn tí ilé ìwé kọ́ kà á lọ́nà kejì, oògùn kan náà sì parí ní ìyípo méjì tó yàtọ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: “Ìyípo tí a lo oògùn náà ni ìyípo 1. Oògùn náà parí ní ìparí ìyípo 3.” Ẹ sì máa fi nọ́ńbà kọ iye nínú ìwé òfin, torí pé ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ máa ń dúró ronú kí wọ́n tó mọ iye tí “ẹ́ẹ̀rìndínlógójì” jẹ́.

Àyẹ̀wò: ẹ ka òfin kọ̀ọ̀kan sókè fún ẹni tí kò rí ìwé, kí ó fi dáìsì àti ìdérí ìgò ṣe ohun tí ó gbọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró, ẹ tún òfin náà kọ.

Ìpele kẹjọ: ẹ padà sí tábìlì

Ẹ mú àwọn mẹ́rin tó kù, kí ẹ tún ìpele karùn-ún ṣe pẹ̀lú ìbéèrè kan náà. Bí ẹ bá yí òfin tó ju mẹ́ta lọ padà lẹ́ẹ̀kan, yóò ṣòro fún yín láti mọ èyí tó ṣiṣẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ kọ ọ̀ràn mẹ́wàá sórí káàdì, gbólóhùn méjì méjì. Fún àpẹẹrẹ: “Ọdẹ fi ọ̀kọ̀ iná kọlu ọkọ̀ òfurufú tó ní ẹ̀mí 1. Àpapọ̀ jẹ́ 8. Kí ni ó ṣẹlẹ̀?” Ẹ fún ẹni méjì tí kò sí níbì kan náà, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ìwé nìkan dáhùn. WhatsApp tó fún èyí. Ìdáhùn tó bára mu lórí káàdì kan fi hàn pé òfin náà lè dá dúró. Ìdáhùn tó yàtọ̀ fi nọ́ńbà òfin tó kàn ránṣẹ́ padà sí ìpele keje, kódà bí ìdáhùn ọ̀kan nínú wọn bá jẹ́ èyí tí ẹ fẹ́.

Àyẹ̀wò: káàdì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bára mu, àwọn mẹ́rin tó gbẹ̀yìn sì parí ogun náà láàárín àsìkò tí ẹ kọ ní ìpele kìíní. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀dà àti ọjọ́ sí ìsàlẹ̀ ojú ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì gba gbogbo ẹ̀dà àtijọ́ padà lọ́wọ́ àwọn eléré kí ẹ tó pín tuntun. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Mọ́kọ́lá ṣì ní ẹ̀dà tí “oko” wà nínú rẹ̀ láìní àmì. Mo ti sọ fún un pé mo ń bọ̀ wá gbà á ní ọjọ́ Àbámẹ́ta.